Ẹ fi cost function sílẹ̀ ná: ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwòrán T1 yín (irú àwòrán MRI ọpọlọ kan) kì í bá àwòṣe MNI152 (ọpọlọ àpapọ̀ tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n) mu: FLIRT, irinṣẹ́ FSL tó ń gbé àwòrán kan sórí òmíràn, á dorí ẹnìkan kodò sẹ́yìn, á fún ti ẹlòmíràn pọ̀ sókè àwòṣe, ẹ sì ti pààrọ̀ cost function (òṣùwọ̀n tí FLIRT fi ń mọ bí àwòrán méjì ṣe bára mu tó) láti corratio dé normmi, ibì kan náà ló ń já sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Nínú àwọn àwòrán tó fojú mi rí màbo jù, ṣàṣà lèyí tó jẹ́ pé ìṣirò ló fà á. Ohun tí a gbé fún ìṣirò ni.

Ọrùn ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ àwòrán T1 ló máa ń wọ inú ọrùn dáadáa, bẹ́ẹ̀ MNI152 kò ní ọrùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀. FLIRT kò mọ èwo ni ọpọlọ, èwo ni iṣan ọrùn. Bí voxel (ẹyọ kékeré inú àwòrán) ṣe mọ́lẹ̀ tó nìkan ló ń rí. Ẹ sì ti fún un ní DOF 12 (ọ̀nà méjìlá tó lè gbà yí àwòrán padà), ìyẹn ni pé ó láṣẹ láti gbé orí, láti yí i, láti fẹ̀ ẹ́, láti fún un pọ̀, kódà láti tì í wọ́. Yóò bá yín fún orí tòun tọrùn pọ̀ wọ inú àyè orí nìkan. BET, irinṣẹ́ tó ń bọ́ agbárí kúrò lára ọpọlọ, náà kò bọ́ níbẹ̀: ó ń ṣírò àárín gbùngbùn gbogbo ohun tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán, ó ń mú un bí àárín ọpọlọ, ọrùn á sì fa àárín yẹn wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi robustfov gé ọrùn kúrò kí ẹ tó pe BET rárá. -f 0.5 (ààlà tí BET fi ń pinnu ibi tí ọpọlọ parí sí) tí BET ń bá bọ̀ kì í ṣe òfin. Tó bá ń gé lára ọpọlọ, ẹ dín in kù, kí ẹ sì fi -R kún un kó lè tún àárín náà wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ẹ ń so pọ̀. FLIRT ń fẹ́ ọpọlọ tí a ti bọ́ agbárí kúrò lára rẹ̀, pẹ̀lú MNI152_T1_2mm_brain. FNIRT, tó ń tẹ àwòrán síbí sọ́hùn-ún lẹ́yìn FLIRT, ń fẹ́ odindi orí, pẹ̀lú MNI152_T1_2mm, kí ẹ sì fún un ní mátíríìsì FLIRT (àwọn nọ́ńbà ìyípadà tó ṣe) nípasẹ̀ --aff. Tí ẹ bá gbé odindi orí lé àwòṣe tí kò ní agbárí, etí agbárí lè lọ jókòó sórí etí ọpọlọ, ọpọlọ gan-an á wá súnkì sínú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀tún àti òsì. fslreorient2std kàn ń yí àwòrán ní ìwọ̀n igun 90, 180 tàbí 270 kó lè kọjú síbi tí àwòṣe kọjú sí, ohun tí header (àkọsílẹ̀ inú fáìlì àwòrán) bá sì sọ ló gbà gbọ́. Tí header bá purọ́, èsì yóò dára lójú, irọ́ ni yóò sì jẹ́, torí pé ọpọlọ ọ̀tún àti tòsì jọra jù. Àwọn olùwádìí mìíràn máa ń lẹ kápúsù fítámì E mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan orí kó lè hàn nínú àwòrán. Tí ẹ kò bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí DICOM (fáìlì àtìbẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rọ MRI), kí ẹ fi dcm2niix yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fslswapdim, tó ń pààrọ̀ ìhà àwòrán, dọ́gbọ́n sí i.

Tí ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ bá wà nínú wọn, ẹ fa ìlà sí ibi tó bàjẹ́, kí ẹ fi òdo síbẹ̀ àti 1 síbi tó kù, kí ẹ fún FLIRT ní -inweight, FNIRT ní --inmask. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, FNIRT á máa fa ibi tó yè wọ inú ibi tó kú.

Tí ẹ bá sì ń gbé atlas (àwòrán tó pín ọpọlọ sí agbègbè oní-nọ́ńbà) padà sórí ọpọlọ ẹnìkan, nearest neighbour (ọ̀nà tó ń mú iye voxel tó súnmọ́ jù) nìkan ni. Àwọn ọ̀nà yòókù á pín agbègbè 3 àti 5 sí méjì, wọ́n á pe ààlà wọn ní 4, níbi tí 4 kò ti sí rárá.

Nígbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má dúró sí etí ọpọlọ, ó rọrùn jù. Ẹ wo àwọn ihò omi inú ọpọlọ, ẹ wo corpus callosum (afárá tó so ọpọlọ ọ̀tún àti tòsì pọ̀) àti ìsàlẹ̀ cerebellum (ọpọlọ kékeré ẹ̀yìn), lọ́kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ènìyàn tó wà nínú ìwádìí yín. Èyí tó dorí kodò jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: robustfov, BET, lẹ́yìn náà FLIRT pẹ̀lú corratio tó ń bá bọ̀.