447 tó di 285: kí ló wà nínú ewúro yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi methanol yọ oje ewé ewúro gbígbẹ, mo sì gbé e wọ ẹ̀rọ LC-MS (tó ń ya èròjà sọ́tọ̀, tó sì ń wọn ìwọ̀n mólẹ́kù wọn) ní ipò negative, níbi tí mólẹ́kù ti ń pàdánù proton kan. Mo rí ìwọ̀n 447. Nígbà tí mo fọ́ ọ, 285 ló kù. Ṣé kí n kọ luteolin-7-glucoside (luteolin tí ṣúgà glucose so mọ́) sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì kọ ọ́. Ohun tó já bọ́ láàárín 447 àti 285 jẹ́ 162. Glucose ń já bọ́ ní 162.0528, caffeoyl (apá tó wá láti ara caffeic acid, kì í ṣe ṣúgà) ní 162.0317, ẹ̀rọ tó ń ka odindi nọ́ńbà nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kaempferol-3-glucoside, èròjà míràn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti luteolin-7-glucoside dọ́gba, náà ń di 285 láti 447, àmọ́ 284 sábà máa ń bá tirẹ̀ rìn, 255 àti 227 á sì yọjú. Ẹ tún 285 yín fọ́: 133 ni ẹ máa wá fún luteolin.

Bí ẹ bá rí 895, kì í ṣe èròjà tuntun o. Mólẹ́kù méjì ló so pọ̀ nítorí pé oje yín ki jù. Ẹ fi methanol là á ní ìlọ́po 10. Ní ipò positive, níbi tí mólẹ́kù ti ń gba proton kan, 449 ni ẹ ń retí. Bí 471 bá ga jù ú lọ, sodium ló lẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í fọ́ dáadáa. Ẹ fi formic acid 0.1% sínú omi tó ń gbé oje gba inú ẹ̀rọ.

Ṣé glucose ni àbí galactose? Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ẹ̀rọ yìí kò lè sọ ọ́. Ẹ ra ojúlówó luteolin-7-glucoside, kí ẹ gbé òun àti oje yín gba kọ́lọ́ọ̀mù (ọ̀pá tó ń ya èròjà sọ́tọ̀) kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ wo bóyá àkókò tí wọ́n jáde bára mu. Láìsí ìyẹn, NMR (ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà wo bí átọ̀mù ṣe so pọ̀) ló kù.