Camry mi ń jo epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúẹ̀lì fítà: ṣé ká fi gọ́ọ̀mù dí i ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ìbàdàn ni mò ń gbé, Camry ọdún 1998 ni mo ń lò, oní-sìlíńdà mẹ́rin. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń gbóòórùn bẹntiróòlù láràárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, n kò ní gbọ́ òórùn náà mọ́. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i pé ara fúẹ̀lì fítà, ìyẹn agolo tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú epo, tutù fún epo. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní òun á fi gọ́ọ̀mù dí i, òun á sì fi kílíìpù kejì kún ti họ́ọ̀sì. Ọkọ mi ní ká lọ ra fítà tòkunbọ̀. Mo fẹ́ gbé mọ́tò náà lọ sí Ìlọrin lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ ṣé tí ẹ tètè béèrè. Ti Ìlọrin ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má gbé e lọ. Kódà ẹ má gbé e dé ọjà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà, torí mọ́tò tó ń jo epo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe èyí tí a ń rọra lò títí owó á fi wọlé.

Ẹ wò ó, inú táǹkì lẹ́yìn ni pọ́ǹpù mọ́tò yín wà. Òun ló ń ti epo wá síwájú, agbára tó fi ń tì í sì lé ní 40 psi, ìwọ̀n tí àwọn fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Afẹ́fẹ́ inú táyà yín kì í sábà ju 32 lọ. Ibi tó kàn ń làágùn lónìí lè máa fín epo jáde lọ́la nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà. Irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì wà nítòsí, ó gbóná janjan. Alternator tó ń ṣe iná fún bátìrì àti wáyà púlọ́ọ̀gì náà wà níbẹ̀, àwọn yẹn sì lè ta iná. Bẹntiróòlù kò nílò iná ńlá rárá. Bí oru rẹ̀ bá ti tó ìwọ̀n 1.4 nínú 100 atẹ́gùn tó wà níbẹ̀, ìtapárá kékeré kan ti tó. Oru yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà sí, ó sì lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn gáráàjì lọ bá jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Ti òórùn tó ń lọ lọ́sàn-án yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Rọ́bà tó ti gbó máa ń súnkì bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bó bá ti gbóná, á wú, á sì dí àyè náà fúngbà díẹ̀. Jíjò náà kò san, ó kàn fara pamọ́ ni.

Gọ́ọ̀mù kò ní dúró níbẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ irin tí epo ti rin, ooru àti gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á sì ṣí i kúrò. Kílíìpù kejì náà kò wúlò bó bá jẹ́ pé ara họ́ọ̀sì gan-an ló ti sán. Bí ẹ bá ṣe ń fún un tó ni irin kílíìpù á ṣe máa gé rọ́bà náà tó.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n mọ ojú ibi tó ń jò. Epo ń ṣàn wálẹ̀, nítorí náà ibi tó tutù jù lè máà jẹ́ ibi tó ti ń wá. Kí wọ́n fi aṣọ funfun nu fítà, páìpù àti họ́ọ̀sì gbẹ ráúráú. Kí ẹnì kan ṣíná, kí ẹnì kejì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè wá sísàlẹ̀, kí apaná sì wà lọ́wọ́. Ibi tó bá kọ́kọ́ dán ni ẹ ń wá. Lára Camry yìí, ibi mẹ́ta ni mo máa ń fura sí: bóòtù òkè fítà tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú wáṣà méjì tó há a láàárín; nọ́ọ̀tì páìpù irin tó wọlé láti ìsàlẹ̀; àti orí họ́ọ̀sì níbi tí irin ti di rọ́bà mú.

Bó bá jẹ́ fítà tàbí wáṣà ni, iṣẹ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sítóòfù. Kí wọ́n yọ fúùsì tàbí relay pọ́ǹpù (swíìṣì kékeré tó ń fún pọ́ǹpù ní iná), kí wọ́n ṣíná kí ẹ́ńjìnnì jo epo tó kù nínú páìpù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yọ orí bátìrì tó jẹ́ negative. Bí wọn kò bá ṣe èyí, epo á tú sí wọn lójú bí wọ́n bá ti tú bóòtù náà.

Sípánà méjì ni kí wọ́n lò. Ọ̀kan á di ara fítà mú, ìkejì á tú nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan á lọ́ páìpù irin yẹn pọ̀, páìpù náà á sì sán, iṣẹ́ kékeré á wá di iṣẹ́ páìpù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, kí wọ́n fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ wọlé ná. Bí kò bá wọ̀ ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n dúró. Ó ti wọlé ní wíwọ́ nìyẹn, eyín rẹ̀ á sì gé. Wáṣà tuntun ni kí wọ́n fi sí òkè àti ìsàlẹ̀ bóòtù, torí ti àtijọ́ ti tẹ̀ mọ́ ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní dí dáadáa mọ́. Kí wọ́n má ṣe wé tépù funfun tí àwọn tó ń ṣe páìpù omi ń lò mọ́ ọn. Eyín kọ́ ló ń dí epo níbẹ̀, ojú irin tó pàdé ara wọn ni, àwẹ́ tépù tó bá sì já lè wọ inú páìpù lọ dí nọ́sùlù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá ilé pé fítà tòkunbọ̀ kò dára. Ìdọ̀tí mọ́tò ẹlòmíì ló wà nínú rẹ̀. Tuntun ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá lọ sí ọjà Ààráròmí ní Àgodi Gate, ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ wo eyín àti gígùn wọn, kí ẹ sì rí i pé wáṣà wà nínú páálí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ni, ẹ fara balẹ̀ níbi tí mo fẹ́ sọ yìí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ láìmọ̀. Gbogbo họ́ọ̀sì dúdú jọra lójú. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ SAE 30R7 sí lára, ti mọ́tò àtijọ́ oní-carburettor tí kò ní nọ́sùlù ni, 50 psi ni wọ́n ṣe é fún. 30R9 ni ti mọ́tò oní-nọ́sùlù bíi tiyín, òun ń gba 100 psi. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ike funfun tí a ń rí lára jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n odindi họ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ tí irin wà ní orí rẹ̀ ló dára jù bí ẹ bá rí i, torí òun kò nílò kílíìpù. Bó bá di dandan kí ẹ lo kílíìpù, èyí tí etí rẹ̀ ká sókè, tí inú rẹ̀ sì dán ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ní ihò ihò tó ń jẹ rọ́bà.

Bí wọ́n bá rí i pé fítà gbẹ, tó jẹ́ ìdí nọ́sùlù ló ń jò, ó-ríǹgì ibẹ̀, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dí i, ló ti le. Kí wọ́n pààrọ̀ ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Kí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì tó mọ́ pa á díẹ̀ kó má baà ya nígbà tó bá ń wọlé. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ra epo kún táǹkì nìkan ni òórùn náà ń dé, ẹ̀yìn ni kí wọ́n wò, ní orí táǹkì àti họ́ọ̀sì ẹnu rẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un fún ẹnikẹ́ni tí táǹkì rẹ̀ ń jò. Ọṣẹ líle tí a fi ń ra ojú ihò táǹkì lè mú un dúró díẹ̀ kí wọ́n fi rí epo fà kúrò nínú rẹ̀, torí bẹntiróòlù kì í tètè yọ́ ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé táǹkì fún wẹ́dà nítorí pé ó ti gbẹ. Táǹkì tó gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru àti atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀, ó sì lè bú gbàmù mọ́ ẹni tó ń jó o.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ wá fi tíṣù funfun nu ìdí bóòtù àti nọ́ọ̀tì náà láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbé e rin ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kété tí ẹ bá ṣíná. Bí tíṣù bá tutù, tó sì ń rùn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe mẹkáníìkì padà.