Ṣé kí n ra mọ́tò oníná níbi tí iná gan-an ò ti dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní UCH Ìbàdàn, Àpáta ni mò ń gbé, ilé tiwa ni. Owó epo ti fẹ́ pa mí. Ẹnì kan wá fi Nissan Leaf 2013 tókúnbọ̀ lọ̀ mí, ó ní mi ò ní mọ ọ̀nà filling station mọ́. Band B la wà, a ní jẹnẹrétọ̀, a ò ní sólà. Ọkọ mi ní ṣé orí mi pé báyìí, pé ta ló ń ra mọ́tò oníná nílùú tí ò síná. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń lọ wo màmá mi l'Ékòó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà ma, ẹ bá mi kí ọ̀gá nílé. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ò burú, àmọ́ kì í ṣe ti ìlú lẹ máa wò, ti ilé yín ni. Mọ́tò oníná, ibi tó ń sùn sí náà ló ti ń jẹun. Ẹ má retí pé ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ máa yà sí lójú ọ̀nà bíi ti epo, iná tó bá wà nílé yín nígbà tí mọ́tò bá wà nílé ni tiyín, èyí tí wọ́n bá mú wá lọ́sàn-án nígbà tẹ́ ẹ wà ní wọ́ọ̀dù ò ṣe yín láǹfààní kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpáta sí UCH lọ-bọ̀, ká fi ọjà àti iléèwé àwọn ọmọ kún un, ká pè é ní 30 kìlómítà lójúmọ́. Leaf máa ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 15 fún 100 kìlómítà, yúníìtì tẹ́ ẹ̀ ń rà sórí mítà yẹn náà ni mò ń sọ. Tá a bá fi èyí tó ń ṣòfò nígbà tó bá ń ṣáájì kún un, tiyín máa tó yúníìtì 6 lójúmọ́. Ṣájà kékeré tó ń fa 10 amp máa kó ìyẹn wọlé láàárín wákàtí mẹ́ta, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ máa ṣáájì ẹ̀ kún lójoojúmọ́. Band B ní tiẹ̀, wákàtí 16 iná lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣèlérí, ẹ̀yin náà sì mọ ìlérí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́tò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì máa kọ aago tí wọ́n bá mú iná wá àti aago tí wọ́n bá mú un lọ, kẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ roster yín. Tó bá jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wà nílé ẹ̀ ń rí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé mọ́tò yẹn ná.

Ní ti owó, nígbà tí wọ́n gbówó lé Band A ní April 2024, 225 náírà ni yúníìtì kan, wọn ò sì fọwọ́ kan ti Band B nígbà yẹn. Ká tiẹ̀ fi ti A ṣírò, yúníìtì 6 ò tó 1,400 náírà. Corolla nínú gosíló Ìbàdàn máa jẹ tó lítà mẹ́ta fún ìrìn yẹn kan náà, tí lítà bá jẹ́ 900 náírà, 2,700 nìyẹn. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ ẹ̀ tún ní pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tàbí plug.

Àmọ́ o, ẹ má rò pé jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi ṣáájì. I-better-pass-my-neighbour ò lè fà á rárá. Èyí tó tóbi jù ú lọ, lítà epo kan máa fún yín ní bíi yúníìtì méjì, yúníìtì 6 á wá jẹ́ lítà mẹ́ta, iye tí Corolla ì bá jẹ náà gan-an, ariwo àti èéfín wá jẹ́ èènì. Ọ̀pọ̀ ṣájà kì í tiẹ̀ gbà á, iná pupa ló máa tàn sí yín nítorí pé wáyà neutral jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà so mọ́ ilẹ̀.

Èyí gbé mi dé orí ohun tí àwọn tó ń ta mọ́tò kì í sọ, ìyẹn earthing, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀. Ṣájà mọ́tò máa ń wò bóyá earthing wà, tí ò bá rí i, kò ní ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti dé, wáyà earthing wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa, tẹ́ ẹ bá wá tọ̀ ọ́ dé ìta, ẹ máa rí i pé ẹ̀yìn mítà ni wọ́n gé e sí, kò kan ilẹ̀. Kí ẹlẹ́tíríṣọ̀n tó mọṣẹ́ ri rod oníkọ́pà mọ́lẹ̀, kó fa wáyà 6mm láti DB (àpótí tí àwọn breaker ilé wà) wá síbi tí mọ́tò ń dúró sí, kó ní breaker tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má gbé e sórí extension box o, mo bẹ̀ yín, wọ́n máa ń yọ́. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni mọ́tò ti wá, ẹ wo ara ṣájà ẹ̀, 120V ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná tiwa tó lágbára jù ú lọ, ó lè jó.

Ó wá ku Leaf 2013 fúnra ẹ̀, òun gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kò ní omi tó ń tu bátìrì lára bíi ti ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná ìgbà yìí, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Nígbà tó wà ní tuntun gan-an, nǹkan bí 120 kìlómítà ló ń rìn. Ìlà kéékèèké 12 ló wà lọ́tùn-ún dáṣíbọọ̀dù tó ń sọ bí bátìrì ṣe lera sí, tó bá ti ku mẹ́jọ, ẹ máa retí bíi 75 kìlómítà. Wàyí o, àwọn kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń reset ẹ̀ kí gbogbo ìlà 12 lè padà, app LeafSpy tí wọ́n fi ń yẹ bátìrì Leaf wò náà á máa gbé àwòrán rere jáde, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni àṣírí á tú. Nítorí náà ìrìn lẹ máa fi dán an wò. Kí wọ́n ṣáájì ẹ̀ dé 100%, ẹ tan AC, kẹ́ ẹ wà á fún 30 kìlómítà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ mọ̀. Bátìrì tó ṣì dáa ò gbọdọ̀ jẹ ju bíi 25% lọ. Tó bá jẹ 40%, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Èkó ńkọ́? Leaf yẹn ò lè gbé yín dé Èkó, ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì. Ojú ihò fast charge ẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní CHAdeMO ni, CCS2 àti GB/T tí kò bá a mu sì ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun ń lò báyìí, ẹ má gbọ́kàn lé e pé ẹ máa ráyè ṣáájì lọ́nà. Tówó bá ká a, Leaf 2018 sókè tí bátìrì ẹ̀ ń gba 40 kWh, ìyẹn yúníìtì 40 (nǹkan bí 240 kìlómítà ní tuntun), lè gbé yín dé ilé màmá, kó sùn síbẹ̀, kó ṣáájì kẹ́ ẹ tó padà. Ìyẹn tún já sí pé ilé màmá náà gbọ́dọ̀ ní earthing.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé Ethiopia tó jẹ́ Áfíríkà bíi tiwa ti fòfin de kíkó mọ́tò elépo wọlé láti 2024, àmọ́ iná tí wọ́n ń rí látara odò ló kì wọ́n láyà. Ní Kùtọnu náà, àwọn ọlọ́kadà wà tí wọ́n ń gun alùpùpù oníná, wọ́n á yà síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì, wọ́n á gba èyí tó kún, ẹlòmíì ló ń da orí ara ẹ̀ láàmú nípa iná. Ẹ̀yin lẹ máa dá tiyín gbọ́.

Ẹ tún bi ẹni tó fẹ́ tà á bóyá ó ti pààrọ̀ bátìrì 12V kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí tíyẹn bá kú, mọ́tò ò ní jí, bí ti ńlá tiẹ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, iná tó lé ní 300V ló wà nínú wọn, kí rewaya àdúgbò má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó mọ Corolla tó. Kẹ́ ẹ má sì tíì ta mọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń lò báyìí, ẹ jẹ́ kí òjò kan kọjá lórí eléyìí ná.