Ṣé sátẹ́láìtì lè sọ bí ọkà bàbà ṣe máa pọ̀ tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògì bàbà ni mò ń tà ní Mushin, láti Kano lọkà mi ti ń wá. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ní ọkà ò ní sí, mo yá owó ra àpò mẹ́fà ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí tuntun dé, owó ẹ̀ já wálẹ̀. Ọmọ mi wá ń sọ pé sátẹ́láìtì máa ń rí i látòkè bí oko ṣe máa ṣe sí kí wọ́n tó kórè. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ológì

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àdánù o, ó dùn mí gan-an. Òótọ́ lọmọ yín sọ, àmọ́ ewé ni sátẹ́láìtì ń rí, kì í rí ọkà. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, á wá ta ìmọ́lẹ̀ mí-ìn tójú wa ò lè rí padà sókè, wọ́n á fi méjèèjì wéra, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní NDVI. Ilẹ̀ gbalasa kì í sábà ju 0.2 lọ, oko tó dí dáadáa lè tó 0.8. Sentinel-2 tàwọn ará Yúróòpù ń ya irú àwòrán yìí lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, ọ̀fẹ́ sì ni, wàhálà ẹ̀ ni pé ìgbà tí ọkà ń dàgbà gan-an ni àwọsánmà máa ń bo ojú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú dátà òjò mọ́ ọn, irú bíi CHIRPS tó ní àkọsílẹ̀ láti 1981.

Òjò yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwa tá a wà l'Ékòó níbi tójò ti ń lé wa kiri látoṣù kẹta, a lè má mọ̀ pé ní Kano, ó ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Òjò lè rọ̀ bí ẹni máa ya ilé ní oṣù keje, kó wá dá nígbà tí ọkà ń yọ ṣírí, ewé á ṣì tutù nínú àwòrán, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ra ṣírí yẹn lọ́wọ́, ìyàngbò ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbin ẹ̀wà sáàárín ọkà, ewé ẹ̀wà náà tutù, ẹyẹ tó bá sì ṣa ọkà jẹ kì í hàn látòkè. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wọ oko lọ gé ọkà díẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, nọ́ńbà yẹn ni kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán àti òjò ṣírò bí ọkà ṣe máa pọ̀ tó fi ń kọ́ṣẹ́.

Tí oṣù kẹsàn-án bá ń parí lọ, wọ́n ti lè mọ̀ bóyá ọdún máa dáa àbí kò ní dáa. Iye tẹ́ ẹ máa rà á ni sátẹ́láìtì ò lè sọ, torí owó ọkọ̀ wà ńbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ọtí náà ń ra ọkà yìí.

Tọ́mọ yín bá ṣí àwòrán, kó fi wé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an láwọn ọdún tó ti kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń kó ọkà fún yín ní Kano, ẹ bi í ọjọ́ tójò rọ̀ kẹ́yìn àti bóyá ṣírí ti gbó, ẹ dẹ̀ jọ̀ọ́, ẹ ra àpò kan tàbí méjì tó máa gbé yín dé ìgbà tí tuntun máa wọlé, ẹ má yáwó sí i mọ́.