Òkè Ẹ̀fọ̀n lórí kẹ̀kẹ́: ìgòkè kọ́ ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa níbí ní Òṣogbo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Òṣogbo dé Adó-Èkìtì, kí a fi kó owó jọ ṣe òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ìjì ṣí. Mẹ́rìnlá ni wá. Ọ̀pọ̀ wa ti lé ní ogójì ọdún, àwọn kan ò sì tíì gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ìgbà èwe. Ẹnì kan ní dandan ni ká ra kẹ̀kẹ́ olójíà púpọ̀ nítorí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹlòmíràn ní Raleigh bàbá òun tó wà nílé ti tó. Èwo ni ká tẹ̀ lé, báwo la sì ṣe máa múra de òkè náà?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òṣogbo níbí, ìgòkè ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn-àjò jíjìn máa ń bi mí. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ti ìsọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òkè kì í pa ẹni tó ń gùn ún. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ ó sọ̀, ẹ ó máa ti kẹ̀kẹ́ yín lọ, àwọn ọmọdé ẹ̀gbẹ́ títì á fi yín rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó parí náà nìyẹn. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dorí kodò lọ̀rọ̀ ń yí padà, torí kì í ṣe ẹsẹ̀ yín ló ń wà á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti jíà, kẹ́ ẹ má baà ní mò ń sá fún ìbéèrè. Ẹ mú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tó ní jíà dáadáa. Tí ṣéènì bá wà lórí irin roboto eléyín 28 níwájú àti eléyín 28 lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ yín bá yí pẹ́dàlì po lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn náà á yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé e sí 44 níwájú àti 14 lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan yẹn á yí táyà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Èyí dùn lórí títì tó tẹ́jú. Lórí òkè, orúnkún yín ló máa sanwó rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́, 28 sí 28 yẹn, ni ti òkè. Ẹ ó máa yí ẹsẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ ó máa lọ bí ìgbín, ṣùgbọ́n ẹ ó máa lọ. Kí ẹ tó débi òkè gan-an ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ jíà o. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ń fi gbogbo ara tẹ pẹ́dàlì, ṣéènì á já bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Raleigh bàbá yín ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ tó lẹ́wà ni. Ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ kí wọ́n yà yín ní fọ́tò. Àmọ́ jíà kan ṣoṣo ló ní, ó wúwo, irin sì ni rímù rẹ̀. Bí òjò bá pa rímù onírin, bíréèkì á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ẹ má gbé e dé Ẹ̀fọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bíréèkì. Nígbà kan, èmi àti àwọn mẹ́ta kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti apá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí títì ti ń lọ́ bí ejò láàárín òkè. Ọ̀kan nínú wa di bíréèkì mú látòkè, kò tú u sílẹ̀ rárá. Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, “pàà!” Tíúbù iwájú bẹ́. Inú koríko ló ṣubú sí, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó. Mo fọwọ́ kan rímù rẹ̀, kíá ni mo fà á kúrò bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò tó wà lórí iná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀: rọ́bà bíréèkì ń ha rímù, híha ń di ooru, ooru wọnú tíúbù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń wú títí kò fi ríbi gbà mọ́.

Nítorí náà, ẹ má di bíréèkì mú pinpin. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tú u sílẹ̀ kí rímù rí atẹ́gùn gbà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó dé kọ́nà ni kẹ́ ẹ ti dín eré kù. Inú kọ́nà kọ́ ni wọ́n ti ń wá bíréèkì. Ti iwájú ló lágbára jù, torí ara yín máa ń sún síwájú tí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró. Ẹni tó bá gbá ti iwájú nìkan mú lójijì lè gba orí kẹ̀kẹ́ fò kọjá. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn lórí ìjókòó. Kẹ́ ẹ sì má sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ bí agbo ewúrẹ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àyè tó tó òpó iná méjì wà láàárín yín.

Ní ti ìgòkè, kálukú ló ni ẹsẹ̀ tiẹ̀. Kí kálukú máa lọ níwọ̀n agbára rẹ̀, kí ẹ dúró de ara yín lókè. Níbi tó tẹ́jú, ẹni tó lọ́ra jù ni kó wà níwájú. Ẹ pín ara yín sí méjì, méje-méje, kí tírélà lè ráyè kọjá. Kí ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà wà lẹ́yìn pátápátá, kó ní sípánà, pọ́ǹpù àti tíúbù mẹ́rin ó kéré tán. Kí ọkọ̀ kan máa tẹ̀ lé yín.

Ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ fi rìn ín. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ gba Iléṣà, ẹ sùn sí apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ẹ fẹ́ gun ìtàkìtì omi Olúmirin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ipele méje ni, ẹsẹ̀ yẹn lẹ máa lò lọ́la.) Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ dojú kọ Ẹ̀fọ̀n kóòrùn tó mú, ẹ gba Arámọkọ wọ Adó.

Oṣù méjì ni kẹ́ ẹ fi múra. Ìrágbìjí ò jìnnà sí wa, òkè sì yí i ká. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lọ lárààárọ̀ Sátidé. Kí gbogbo ẹni tó ti lé ní ogójì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ wọn ìjókòó: ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Èyí nìkan ń gba orúnkún púpọ̀ là.

Omi: ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan, kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré mọ́ lítà omi kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti mọ́ín-mọ́ín dára lójú ọ̀nà. Iyán Ìjẹ̀ṣà dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn.

Ẹ lọ lẹ́yìn òjò, ní oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó mú kùrukùru wá bo ojú ọ̀nà. Ẹ fi tó Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti Àmọ̀tẹ́kùn ìpínlẹ̀ méjèèjì létí, ojúmọmọ nìkan sì ni kẹ́ ẹ rìn. Kò sí àwàdà níbẹ̀.

Ní ti owó, èmi ò kì í ṣe akápò, ṣùgbọ́n mo ti rí i: àwọn tó ní “tẹ́ ẹ bá dé, màá san” máa ń gbàgbé. Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó gbéra. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lẹ sáà máa là kọjá, ilẹ̀ àwọn Òṣómàáló, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa sanwó aṣọ. Kí ẹnì kan nínú yín gba oyè náà.

Ẹ kó gbogbo kẹ̀kẹ́ wá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la. Wáyà bíréèkì tuntun máa ń nà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, màá ní láti tún un fún lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọwọ́ bíréèkì tó bá kan háńdù, tàbí tí ojú ilà ara rọ́bà bíréèkì bá ti pa rẹ́, ẹ má gùn ún wá rárá, ẹ tì í wá. Kẹ́ ẹ sì gbé Raleigh yẹn dání, mo fẹ́ fojú kàn án.