Ṣé kí n fi "or" rọ́pò gbogbo "if" mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo fi kóòdù Python ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source kan (tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn). Iye ìgbà tí ètò náà máa tún gbìyànjú bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já ni kóòdù mi ń yàn: iye tí olùlò bá kọ ló ṣáájú; bí kò bá kọ ọ́, èyí tó wà nínú fáìlì; bí ìyẹn náà ò bá sí, 3. "If" tó wọnú ara wọn ni mo fi ṣe é. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó ti lọ́jú pọ̀ jù, kí n fi "or" sọ ọ́ di ìlà kan. Ó dùn mí, torí kóòdù náà ń ṣiṣẹ́. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú làálàá. Òótọ́ ló sọ, kóòdù náà lọ́jú pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ẹni tó bá ń ka irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀: èwo ló ṣáájú èwo? Wo Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù, nígbà tó bá ń wá editor (ètò ìkọ̀wé) tó máa lò; bí ó ṣe ń wò ó ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé nìyí: GIT_EDITOR, core.editor, VISUAL, EDITOR, lẹ́yìn náà vi. Èémí kan lo máa fi kà á tán.

Ṣùgbọ́n má gba "or" yẹn o! Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wá bí mo bá ń yẹ kóòdù wò. Ní Python, "or" máa ń fo 0, False àti ọ̀rọ̀ òfìfo bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó kọ 0, tí kò fẹ́ kó tún gbìyànjú rárá, iye inú fáìlì tàbí 3 ni wàá gbé fún un. Bí a bá fi oúnjẹ lọ àlejò, tó ní òun ò jẹ, ṣé a máa ní kò dá wa lóhùn ni? Nítorí irú èyí ni JavaScript ṣe gba "??" wọlé ní 2020, tó jẹ́ pé null àti undefined (àìsí iye gan-an) nìkan ló ń fò. Wọ́n dábàá irú rẹ̀ fún Python nínú ìwé àbá kan tí wọ́n ń pè ní PEP 505, wọn ò tíì gbà á.

Kọ ọ́ báyìí (None ni Python ń pe àìsí iye):

for iye in (olulo, faili):
    if iye is not None:
        return iye
return 3

Fi test kan (kóòdù kékeré tó ń dán an wò) tì í, níbi tí olùlò ti kọ 0 tí fáìlì sì ní 5. 0 ló gbọ́dọ̀ jáde. Kí o wá fèsì pé: "Ẹ ṣeun, mo ti gé e kúrú. Mi ò lo 'or' nítorí 0, ẹ wo test rẹ̀."