Ìbéèrè: «Fìjà fún Ọlọ́run jà, fọwọ́ lẹ́rán», ṣé kéèyàn dákẹ́ ni?

Ẹni tó béèrè ní àbúrò òun ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta fún ọ̀gá kan, ọ̀gá náà kò sì sanwó. Àbúrò yìí fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, àmọ́ àwọn ará ìjọ dá a dúró: «Fìjà fún Ọlọ́run jà, fọwọ́ lẹ́rán.» Wọ́n ní ohun tí Bíbélì náà sọ nìyẹn. Ẹni yìí wá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni òwe yìí ń sọ gan-an, ṣé lóòótọ́ ló sì bá ẹ̀kọ́ Kristẹni mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òwe náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kò lè mú kùmọ̀, kò sì lè di ẹ̀ṣẹ́. Ohun tí òwe náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìyẹn: ẹ̀san tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọwọ́ náà wà, kò bo ẹnu. Ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán ṣì lè sọ̀rọ̀, ó ṣì lè ké. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ti ṣì í lò. Lóde òní, tí wọ́n bá ní ẹnì kan fọwọ́ lẹ́rán, ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé kò ṣe nǹkan kan, a sì ti gbé ìtumọ̀ yẹn wọ inú òwe.

Nínú Bíbélì, ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ òwe yìí jù lọ wà ní Róòmù 12:19. Pọ́ọ̀lù ní ká má gbẹ̀san ara wa, ó sì tọ́ka sí Diutarónómì 32:35, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé tòun ni ẹ̀san. Ó tún ní tí ebi bá ń pa ọ̀tá rẹ, kó o fún un lóúnjẹ. Àwọn tó ń ka ibẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sábà máa ń pa Bíbélì dé níbẹ̀. Kí wọ́n ṣí ojú ìwé kan sí i. Ní 13:4, Pọ́ọ̀lù kan náà pe aláṣẹ ìlú ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó ń gbẹ̀san lára ẹni tó ń ṣe búburú. Lédè Gíríìkì tó fi kọ̀wé, ara gbòǹgbò kan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀san tó wà ní orí 12 àti ọ̀rọ̀ agbẹ̀san tó wà ní orí 13 ti wá, ìyẹn «díkè», tó túmọ̀ sí ẹ̀tọ́ tàbí ìdájọ́ òdodo. Ẹ̀san tí Ọlọ́run gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tínú ń bí, ó gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tó bá lọ síwájú adájọ́ kò já ìjà gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Gbòǹgbò yìí kan náà ló wà lẹ́nu opó inú òwe tí Jésù pa ní Lúùkù 18. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kọ ọ́ báyìí: «Gbẹ̀san mi lára ọ̀tá mi.» Tí a bá gbọ́ ọ báyìí, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn a lọ sórí àdúrà kí ọ̀tá ó kú. Ó dùn mí pé ibẹ̀ là ń gbé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí lọ, torí kò béèrè ikú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé: dá ẹjọ́ mi, kó o gba ẹ̀tọ́ mi fún mi. Lédè wa náà, inú «san» ni ẹ̀san ti jáde: à ń san gbèsè, à ń san owó ọ̀yà, à sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ẹ̀san rere san án fún ẹni tó ṣe wá lóore. Ohun tó yẹ kí ó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín ni ẹ̀san.

Opó yẹn kò ní ọkọ tí yóò bá a sọ̀rọ̀, adájọ́ tó sì bá pàdé kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ka èèyàn sí. Ẹnu àti ẹsẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ó lọ, ó tún lọ, títí adájọ́ fi ní òun yóò gbẹ̀san rẹ̀ kó má baà dá òun lágara. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò fún ìdálágara yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ni: kí wọ́n gbá èèyàn lábẹ́ ojú. Obìnrin tí kò gbọ́wọ́ sókè, ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ló ń ba adájọ́! Òótọ́ ni pé torí àdúrà ni Jésù ṣe pa òwe náà. Ṣùgbọ́n àwòkọ́ṣe tó mú fún wa ni ẹni tó ń fẹjọ́ sùn láìsinmi, a ò sì lè fi ìtàn rẹ̀ dá ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn dúró.

Jésù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ẹni tó ní ká yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì? Nígbà tí ìránṣẹ́ kan gbá a lójú níwájú olórí àlùfáà, Jòhánù 18:23 ní ó bi í léèrè: bí mo bá sọ ohun tí kò dáa, jẹ́rìí sí i, àbí kí ló dé tó o fi lù mí? Kò gbá a padà, kò sì dákẹ́. Pọ́ọ̀lù náà, nílùú Fílípì, wọ́n nà án ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Lóru yẹn, òun ló ké sí onítúbú tó fẹ́ pa ara rẹ̀, kó má pa ara rẹ̀ lára. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pé kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kọ̀. Ó ní ọmọ ìlú Róòmù lòun àti Sílà, ẹni tí wọ́n jọ jù sẹ́wọ̀n, kí àwọn aláṣẹ fẹsẹ̀ ara wọn wá mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá.

Ibì kan wà tó le, mi ò sì ní fò ó. Tó bá jẹ́ ará ìjọ ni ọ̀gá yìí, wọ́n á ka 1 Kọ́ríńtì 6 fún àbúrò yín, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn onígbàgbọ́ wí pé wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú aláìgbàgbọ́. Ó tiẹ̀ béèrè pé ṣé kò sàn kí wọ́n gba ìrẹ́jẹ. Ó wúwo, kí ẹnikẹ́ni má sì fẹ́ ẹ dànù. Àmọ́ kó tó sọ bẹ́ẹ̀, ó ti bi ìjọ léèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn tó lè dá ẹjọ́ náà; lẹ́yìn rẹ̀ ló kọjú sí àwọn tó ń rẹ́ arákùnrin wọn jẹ. Ìjọ tó bá fẹ́ lo ẹsẹ yẹn gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà, kí wọ́n sì pe ọ̀gá yẹn síbẹ̀.

Nípa owó oṣù, ọ̀rọ̀ Bíbélì ṣe kedere. Diutarónómì 24:15 ní kí wọ́n san án kí oòrùn tó wọ̀, torí tálákà ni òṣìṣẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó yẹn, kó má baà ké pe Olúwa. Jákọ́bù 5:4 ní owó tí wọ́n dá dúró náà ń ké.

Tèmi ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ni òwe yìí. Ó lè sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lóru, kí inú rẹ̀ lè rọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣe ohun tí yóò kábàámọ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ó ti di ohun tí Jákọ́bù 2:16 bá wí, ẹni tó ń sọ fún ẹni tí òtútù ń mú pé kó lọ yáná, tí kò sì fún un láṣọ.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó kó ìwé tó bá ní jọ, kó sì kọ ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá ń lọ, kó bẹ ọ̀kan nínú àwọn tó pa òwe yẹn fún un pé kó bá òun lọ.